Nígbà tí Máàkì Iṣẹ́ Ìwádìí Bá Ń Fa Àríyànjiyàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olùkọ́

Ìbéèrè: Èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ka iṣẹ́ ìwádìí kan náà. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní máàkì 72, òun sì fún un ní 48. Ta ni ó tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìṣòro yìí ti pẹ́: ní ọdún 1912, àwọn olùwádìí méjì, Daniel Starch àti Edward Elliott, fi ẹ̀dà ìwé ìdánwò kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, máàkì tí wọ́n rí gbà padà sì jìnnà síra wọn gan-an. Ẹ má ṣe kù gìrì ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ sì pín in sí méjì, nítorí 60 kò ní sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa tàbí ibi tí ó ti kùnà. Ẹ jókòó, kí kálukú tọ́ka sí ibi tí ó ti yọ máàkì. Ó lè jẹ́ àṣìṣe àkọtọ́ ni ẹnì kan ń wò, nígbà tí ẹnì kejì ń wò bóyá ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ kó jọ dáhùn ìbéèrè tí ó gbé kalẹ̀.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ pín máàkì sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọlé, bí àpẹẹrẹ 20 fún ìbéèrè ìwádìí, 30 fún ìlànà ìṣèwádìí, 30 fún ìtúpalẹ̀, 20 fún ìkọ̀wé. Ẹ sì kọ ohun tí ó ya ẹni tí ó gba 25 nínú 30 fún ìlànà sọ́tọ̀ sí ẹni tí ó gba 15. “Ó lo ìlànà tó dára” kò tó. “Ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ yìí ṣe látinú àlàyé rẹ̀” ni ojú méjì lè jọ rí. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí ìwé ìpín máàkì yìí tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé iyọ̀ díẹ̀ nínú omi yóò mú kí irúgbìn tètè hù, ṣùgbọ́n òdìkejì ni ó rí. Ṣé kí n yọ máàkì?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ka irúgbìn 40 láràárọ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwo kan bu ní ọjọ́ kẹta, tí ó sì sọ bí ìyẹn ṣe lè ti da èsì rú, máàkì ìtúpalẹ̀ tọ́ sí i ju ti ẹni tí gbogbo nǹkan rẹ̀ gún régé láìsí àkọsílẹ̀ kankan. Bí a bá ń fìyà jẹ òtítọ́, àwa gan-an ni a ń kọ́ wọn láti máa ro èsì sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìwádìí, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí púpọ̀.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ kan dán ju bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe máa ń kọ̀wé lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ bí a bá bi í léèrè, ti jáde ni ìfura yìí ti pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ ìwé lè na ìka sí aláìṣẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí. Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: “Kí ló dé tí o fi yọ ìbéèrè kẹrin kúrò?” Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ máa ń rántí ibi tí ó ti nira. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má ka ìyẹn sí ẹ̀bi. Ó sàn kí ẹ máa gba iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, láti orí ìbéèrè dé ẹ̀dà ìkẹyìn.

Ìbéèrè: Èmi ni alábòójútó wọn, mo sì mọ ẹni tí ó mọ̀wé. Ṣé èyí kò ní nípa lórí máàkì mi?

Ìdáhùn: Yóò nípa lórí rẹ̀. Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí ìwà rere kan ṣe ń bo ojú wa sí ìyókù. Ẹ ka apá ìlànà ti gbogbo wọn tán kí ẹ tó bọ́ sí ìtúpalẹ̀, kí ẹ sì yí bí ẹ ṣe tò wọ́n padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bo orúkọ wọn, kí ẹ sì fún olùkọ́ mìíràn tí kò tíì rí máàkì yín ní iṣẹ́ náà kà.