Ìtọ́jú Ara Lásìkò Ebè àti Kàṣú: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Gúúsù Kwara

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, iṣẹ́ méjì ló máa ń dé pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Ọ̀fà dé Ọ̀mù-Àrán, títí wọ ilẹ̀ Ìsin: kàṣú ń já bọ́, ebè iṣu sì ń dúró de ọkọ́. Oòrùn àsìkò yìí ló mú jù lọ́dún, ààwẹ̀ Rámádàánì náà sì ń bọ́ sí i láwọn ọdún yìí. Ẹ ka ìsinmi mọ́ iṣẹ́ oko.

Oòrùn àti omi

Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdájí. Kí aago 11 tó lù, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀, ẹ lọ sábẹ́ igi, kí ẹ padà nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Àwọn kan yóò pe èyí ní ọ̀lẹ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ a ò tíì rí ẹni tó dá oòrùn ọ̀sán.

Ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ máa mu ife omi kékeré kan ní bí ìṣẹ́jú 20 síra wọn. Bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi àgbo, omi ti dín lára nìyẹn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí iṣan ń fà yín, ẹ jókòó síbòji, ẹ tú aṣọ, ẹ da omi sórí àti ọrùn. Ẹni tó bá ń sọ kántankàntan tàbí tó dákú, ẹ máa da omi sí i lára bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ẹni tó ń gbààwẹ̀, lẹ́yìn sààrì gan-an ni kó lọ kọ ebè. Kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì, kó má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó rí nọ́ọ̀sì kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kí wọ́n bá a tún àkókò oògùn tò. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn ríro àti oògùn

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹrúkọ́ kúkúrú ń tẹ ẹ̀yìn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn. Ẹ máa dìde na ẹ̀yìn. Ènìyàn méjì ni kó gbé àpò kàṣú.

Oríṣiríṣi oògùn tí àwọn akiri ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá kan ní ọjọ́ ọjà, ẹ má rà á, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Díkílófẹ́nàkì àti ibuprofen tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, kó ba kíndìnrín jẹ́, kó sì gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Tramadol máa ń di bárakú. Parasitámọ̀ 500 mg sàn jù: àgbà lè lo hóró 2, kó sì tó wákàtí 6 kó tó tún lò, kó má kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ń mu ògógóró, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nílé

Òróró inú èèpo kàṣú ń jó awọ ara. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì dúró sínú èéfín rẹ̀ bí wọ́n bá ń yan án. Àwọn ìyá tó ń yan gààrí náà, ẹ jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé èéfín lọ, kí ẹ gba ara yín láàyè láti yan lọ́wọ́ọ̀wọ́.

Ẹ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá tó 140/90 léraléra, ẹ rí dókítà, ara ìbáà le. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ àti ọ̀rẹ́ kò wù ú mọ́, ẹ má fi sílẹ̀ pé ó ń ronú owó ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ bá a dé ilé ìwòsàn àdúgbò, kí ẹ jókòó tì í títí wọn yóò fi pè é wọlé.