Kí ẹ tó sáré padà sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ o. Lánàá, ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun níbí ní Òṣogbo, ọmọ ẹnìkan wà nínú íńkúbétọ̀, àpótí tó ń mú ọmọ tuntun móoru, ọ̀gá rẹ̀ ń pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́. Ká má rí i!

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, ní obìnrin ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹ bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, ó kéré tán, wọ́n á san ìdajì owó yín. (Kò tó nǹkan, mo mọ̀.)

Òfin náà ò ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ọmọ tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ẹ tètè gba lẹ́tà dókítà, ẹ fi tọrọ kí wọ́n fi ìsinmi ọdún yín kún ọ̀sẹ̀ 6 náà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ níbi iṣẹ́ sí ẹ̀dà lẹ́tà tiyín.