Tí nǹkan bá dàrú lẹ́nu ìrìn-àjò míṣọ̀n

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wàhálà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ o, ẹrù ò dé, ògbufọ̀ ò gbé fóònù, ó ti rẹ gbogbo yín, ẹ sì ti ń kanra mọ́ra yín. Ẹ má tíì kúrò ní eapọ́ọ̀tù, ẹ lọ fẹjọ́ ẹrù sùn, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n á fi wá a, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Oògùn àti aṣọ pààrọ̀ kan, inú báàgì ọwọ́ ni kó máa wà (èmi kó tèmi sínú ẹrù ńlá, ẹ̀wù kan ṣoṣo ni mo fi wàásù fọ́jọ́ 3). Tí wọ́n bá wọ́gi lé ìpàdé, ẹ má jágbe mọ́ àwọn tó gbà yín lálejò, àwọn ló mọ̀lú. Pọ́ọ̀lù náà fẹ́ wọ Bítíníà, kò ṣeé ṣe, Makedóníà ló bá ara ẹ̀. Ẹ kàn bi wọ́n pé kí lẹ lè bá wọn ṣe, tó bá jẹ́ àga ni wọ́n fẹ́ kó, ẹ bá wọn kó o.