Ajá ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà tí ọmọ bá wà nílé yín: bí wọ́n ṣe ń yàn án àti bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ

Ìbéèrè táwọn èèyàn sábà máa ń bi mí ni pé irú ajá wo làwọn lè mú wọlé tí ò ní ṣe àwọn ọmọ léṣe, tí ò sì ní jẹ owó ọbẹ̀ ilé tán. Ẹni tó ń béèrè á ti ní ìdáhùn tiẹ̀ lọ́kàn kó tó béèrè o, á ti rí Caucasian onírun yẹtuyẹtu lórí fóònù ẹnìkan, tàbí Rottweiler tó dúró lẹ́nu géètì ilé kan l'Ákọ́bọ̀ n'Ìbàdàn. Tí mo bá wá ní kó lọ gba ajá ìbílẹ̀, ajá wa tí gbogbo wa ń pè ní Bingo yìí, ẹ̀rín ló máa fi dá mi lóhùn. Ẹ rín in tán, ká jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi táwọn ajá tó ń wù yín yẹn ti wá. Caucasian, orí òkè Caucasus ni, ilẹ̀ yìnyín, òtútù ni irun tó nípọn yẹn wà fún. Ẹ wá gbé e wá sí Ìbàdàn kó wá bá oòrùn February àti March pàdé, ìgbà tí ooru máa ń lé ní dígírì 34 tí iná ò sì sí, ajá ò sì ń làágùn bíi tèèyàn, ahọ́n ló fi ń lé ooru jáde, ló bá di pé ajá ní fáànù tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ di dandan. German Shepherd ńkọ́, láti 1899 ni wọ́n ti ń to ìran ẹ̀ ní Jámánì, ọpọlọ ẹ̀ pé gan-an n ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ajá iṣẹ́ ni, tí ẹ ò bá ríṣẹ́ fún un lójoojúmọ́ á wáṣẹ́ fúnra ẹ̀, àga yín ló máa fi bẹ̀rẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu tó bá dàgbà. Boerboel ti South Africa lè wọ̀n ju 60 kilo lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà nílé yín kò tó 20, eré lásán ló máa fi gbé e ṣubú, kì í ṣe ìbínú.

Ajá ìbílẹ̀, irun ẹ̀ kúkúrú, etí ẹ̀ sábà máa ń dúró ṣánṣán, ìrù ẹ̀ ká sókè, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ju 12 sí 20 kilo lọ tí wọ́n bá dàgbà tán. Ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣètò ẹ̀ sínú ìwé, oòrùn, ebi àti àwọn ọdẹ ló ṣètò ẹ̀. Ajá tó ń bá ọdẹ wọgbó láti òwúrọ̀ tó ń gbọ́ fèrè nìyí, tó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran tí wọ́n ń lé àti ọmọ ọdẹ tó ń gbé àpò tẹ̀ lé wọn. Ajá Basenji tí àwọn òyìnbó ń fowó gọbọi rà, ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti kó o lọ sí England láàárín 1930 sí 1939, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bingo kẹ́ ẹ wò ó, ẹ máa rí i pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Kì í ṣe pé kì í gé èèyàn jẹ o. Gbogbo ajá ló leyín. Ohun tí mo rí lára tiẹ̀ ni pé ó máa ń gbó kó tó ṣe nǹkan kan, á sún sẹ́yìn, á máa wo ojú onílé. Ìyẹn gan-an nilé tí àlejò ti ń wọlé tó ń jáde nílò, ilé tí bọ̀ọ́dá máa ń wá gba omi, tí ìyá oníwàásù máa ń kọjá, tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín máa ń sáré wọlé láìkanlẹ̀kùn. Bí orúkọ ẹ̀ ṣe wá bàjẹ́, ọwọ́ wa ló ti wá. Caucasian ò tíì délé tẹ́ ẹ ti gba káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀, Bingo lo ọdún mẹ́rin nílé ẹ ò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà ẹranko, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, ẹ wá ń sọ pé ajá lókàlì ló ya wèrè.

Ó ya, bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kó sínú kéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ ìyá oríṣiríṣi ni wọ́n dà pọ̀ síbẹ̀, tí ọ̀kan bá ní parvo, àrùn ajá tó máa ń ràn, gbogbo wọn lè ti kó o, ẹ máa gbé e délé tayọ̀tayọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń bì, ó ti ń ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ẹni tí abo ajá ẹ̀ bímọ, ní Olódó, ní Moníyà, ní Àpáta, kò sádùúgbò tí wọn ò sí. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ sílé wọn ni kẹ́ ẹ lè rí ìyá ẹ̀. Ìyá tó ń jẹ́ káwọn ọmọ ilé sún mọ́ òun lórí ọmọ, àwọn ọmọ ẹ̀ sábà máa ń níwà. Èyí tó ń fò mọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá, ẹ kí onílé kẹ́ ẹ máa lọ. Kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, wọ́n máa fẹ́ gbé e fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin torí wọn ò fẹ́ bọ́ ọ mọ́, ẹ má gbà, ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn tí wọ́n jọ bí ló ti ń kọ́ pé tóun bá fi eyín mú ẹlòmíì kó má dùn ún jù.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má gbé èyí tó kọ́kọ́ sáré wá. Ẹ gbé ọ̀kan, ẹ ṣí ètè ẹ̀, erìgì ẹ̀ yẹ kó ní àwọ̀ píǹkì, tó bá funfun á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, aràn tàbí eégbọn ló ń mu ún. Ẹ wo ikùn. Ikùn tó wú rondo tí egungun ìhà sì hàn, aràn nìyẹn, kì í ṣe ayo. Ẹ wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bóyá eégbọn wà ńbẹ̀. Ẹ wá dẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ yín, kó wọ̀yá ìjà díẹ̀ kó sì rọlẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí ẹ̀, á ta gìrì, kó wá padà wá gbóòórùn ọwọ́ yín. Ìyá kan tó ni ajá wò mí títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Àǹtí, ajá lásán-làsàn lẹ̀ ń yẹ̀ wò báyìí?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òun làwọn ọmọ máa dì mọ́."

Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù. State Veterinary Hospital wà ní Mókọ́lá, Veterinary Teaching Hospital sì wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ò ní àwáwí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń dènà parvo àti distemper, àrùn míì tó máa ń pa ọmọ ajá, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kó tó pé yẹn kó má jáde lọ bá ajá àdúgbò. Ti dìgbòlugi, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ máa tún un gún lọ́dọọdún. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí dìgbòlugi mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o, àwọn ọmọdé ló sì ń jìyà ẹ̀ jù. Tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí oògùn mọ́. Nítorí náà tí ajá kan bá gé ọmọ yín jẹ, ì báà ṣe ajá yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi irun ajá sí i. Oògùn aràn náà ṣe kókó, torí aràn ajá máa ń ran ọmọ tó ń fi ilẹ̀ ṣeré. Tí ara bá ń yún un tí irun ẹ̀ ń re, ẹ má fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pa á lára, àwọn kan ń ṣe é, májèlé ni, ó máa lá a.

Oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro. Àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ fi orí ẹja tàbí fùkù bíbọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún àgbà, kó ní omi tó mọ́ nítòsí nígbà gbogbo. Ìyókù ọbẹ̀ ata ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, àlùbọ́sà inú ẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó nínú ìfun ẹ̀, ṣokoléètì àwọn ọmọ náà, ẹ gbé e sókè.

Àwọn ọmọ gan-an lẹ máa kọ́ ju ajá lọ. Ẹ má fi ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, bó ti wù kí ajá náà jẹ́ jẹ́jẹ́. Kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn, kí wọ́n má fa ìrù, kí wọ́n má gùn ún. Ẹ kọ́ wọn pé tí ara ẹ̀ bá le gbagidi, tó ń lá ètè tí oúnjẹ ò sí níbẹ̀, tí funfun ojú ẹ̀ hàn, ó ń ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ni. Tó bá sì kùn mọ́ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lù ú. Kíkùn yẹn ni ìkìlọ̀ ẹ̀, ẹ mú ọmọ kúrò níbẹ̀. Ajá tí wọ́n bá ti lù títí tí ò fi lè kùn mọ́, lọ́jọ́ tó bá sú u, ìgéjẹ ló máa kàn, àwọn èèyàn á ní kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ṣéènì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ náà ló ń sọ ọ́ di òǹrorò, ẹ jẹ́ kó rìn fàlàlà nínú ọgbà, kẹ́ ẹ mú un jáde láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Tó bá jẹ́ fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ lẹ̀ ń gbé, ẹ gba àṣẹ láńlọ́ọ̀dù ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ro ti Àlájì tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Itọ́ ajá ò gbọ́dọ̀ kan kẹ́tùlù àlùwàlá wọn tàbí ibi tí wọ́n ń kírun, torí náà ẹ̀gbẹ́ kejì ilé ni kẹ́ ẹ kọ́ ilé ajá sí. Ẹ lọ sọ fún wọn kó tó dé, "Bàbá, a fẹ́ mú ajá wọlé o, ibi báyìí la máa gbé e sí," ìyẹn nìkan ti parí ìjà ọdún mẹ́ta.

Abo lè wọ hítì, ìyẹn ìgbà tó ń wá akọ, láti oṣù mẹ́fà lọ sókè, oyún ẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, kí ẹ tó mọ̀ ọmọ mẹ́fà ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó bá yín ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ti akọ náà, kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ìrìnkèrindò ẹ̀ á dín kù. Ìrìnkèrindò yẹn ló ń kó wọn sọ́wọ́ mọ́tò, àti sọ́wọ́ àwọn tó ń wá ajá tí wọ́n máa fi bọ Ògún tàbí tí wọ́n máa sè jẹ. Ẹ ra kọ́là sí i lọ́rùn, kẹ́ ẹ kọ nọ́mbà fóònù yín sára ẹ̀. Tó bá ti di December tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yin bánńgà, kó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ ti géètì, torí ajá tó bá sá fún bánńgà ní Mókọ́lá lè má dúró títí á fi dé Sángo.