Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yín lórúkọ

Adìyẹ 11 ló wà lẹ́yìnkùlé mi nísìnyí, 9 nínú wọn ló lórúkọ, àwọn 2 tó kù ò ní, torí Kérésì ni wọ́n wà fún. Àwọn èèyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń sọ adìyẹ lórúkọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ilé mi tí mo pe Dàda tí Dàda sáré jáde látìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn náà á ní kí n kọ́ àwọn. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ẹ má kánjú o. Ọmọ èèyàn la máa ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ jọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, àwòdì ṣì lè gbé e, òjò ṣì lè pa á, ẹ ò sì mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Ojú mi ti rí i rí. Mo ní ọ̀kan tó rẹwà gan-an, mo sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, mo ń kì í kiri ilé, ó pé bí oṣù 4, láàárọ̀ ọjọ́ kan Àbẹ̀kẹ́ gun orí fẹ́ǹsì ó na ọrùn ló bá kọ kòkòròkóòòò, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Títí dòní Àbẹ̀kẹ́ náà là ń pè é, àkùkọ gìrìwò. Torí náà, tó bá jẹ́ adìyẹ agíríìkì, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ogbe orí akọ á ti máa tóbi, á ti máa pọ́n, tó bá dàgbà sí i, ìyẹ́ ìbàdí ẹ̀ á gùn á sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, ti abo á rí roboto. Ti ìbílẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀, èmi máa ń dúró kó pé oṣù 3.

Orúkọ wá ńkọ́? Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ti adìyẹ, ara ẹ̀ là á wò, ká tún wo bó ṣe wáyé. Àwọn baba wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa, ẹ kàn lọ síbi orúkọ àmútọ̀runwá. Adìyẹ aṣà tí ìyẹ́ ẹ̀ ká kò bí irun tí wọn ò yà rí, èwo lẹ tún ń wá, Dàda ni. Abọ́lọ́rùn tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, Àìná ni mo sọ tèmi, torí ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè ní Àìná, tó bá jẹ́ àkùkọ ẹ pè é ní Òjó, ọ̀rọ̀ ọrùn sá ni. Èyí tó bá sì yé ẹyin ẹ̀ àkọ́kọ́ sójú ọ̀nà dípò inú àgò, ẹ ti mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ tó bá pa níbẹ̀, Abíọ́nà ni.

Orúkọ àbíkú gan-an ló dùn jù. Àgbébọ̀ mi kan pa ọmọ 10 lọ́dún kan, Newcastle, àrùn tó máa ń pa adìyẹ, wọlé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, kí lẹ fẹ́ kí n pè é bí kò ṣe Málọmọ́? Kò lọ lóòótọ́, ó ti ń yé ẹyin báyìí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ àjẹsára tí wọ́n ń kán sí wọn lójú tàbí tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu ló ń dá Newcastle dúró o, kì í ṣe orúkọ, èmi náà ti gbọ́n.

Òwe náà wà ńbẹ̀. Mo ní funfun kan tó máa ń ṣakọ, tó máa ń lé àwọn tó jù ú lọ kúrò nídìí oúnjẹ, ẹ ṣáà mọ̀ pé adìyẹ funfun ò mọra ẹ̀ lágbà, Mọralágbà ni mo pè é. Òmíràn wà tí kò sí ọjọ́ tí kì í da omi nù, ti ìyẹn la mú nínú adìyẹ dà mí lóògùn nù, a gé e kúrú sí Dàmínù. Orúkọ tẹ́ ẹ bá mú látinú ìwà ẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò ní gbàgbé ẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá.

Ẹ jẹ́ kó kúrú ṣá, kí ìró wọn má sì jọra, tẹ́ ẹ bá ní Àṣàkẹ́ ẹ má tún ní Àyìnkẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, adìyẹ ò mọ ìtumọ̀ orúkọ, ohùn yín àti oúnjẹ ló mọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn àgò pátá, màá mú ẹyọ kan síta, màá pe orúkọ ẹ̀, màá ju àgbàdo díẹ̀ sílẹ̀ fún un, màá tún pè é, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Mọralágbà ò lò tó ọjọ́ 5. Àìná ò tíì gbọ́ títí di ìsinsìnyí, mo ti fi í sílẹ̀.

Tí àwọ̀ wọn bá jọra, ẹ so àkísà aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ sì máa tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí ẹsẹ̀ ń tóbi, okùn tó bá le máa wọnú ẹran ni. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin sínú ìwé. Adìyẹ wa kan ti há sí ọwọ́ aládùúgbò rí, fọ́tò inú fóònù ló gbà mí.

Orúkọ aládùúgbò tàbí ti ìyá onílé, ẹ má dán an wò. Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tí ọlọ́pàá mú ní Sáńgò Ọ̀tà lọ́dún 2016 torí ó sọ ajá ẹ̀ ní Buhari? Adìyẹ náà lè kó yín sí wàhálà.

Èyí tẹ́ ẹ bá máa pa jẹ, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ rárá, ọbẹ̀ ẹ̀ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ mi ti ń pe ọ̀kan nínú àwọn 2 tó wà fún Kérésì ní Sùúrù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta adìyẹ lọ́jà.