Bí a ṣe lè dá ọgbẹ́ ọkàn mọ̀, kí a sì tọpa ohun tí ó fà á

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ilé ìfowópamọ́, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì lé ní 30. Ẹni tí ó ń tajà nítòsí lọ́jọ́ náà, tí ọta kò bà, lè sọ pé ohunkóhun kò ṣe òun. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọdé bá yin báńgà lásìkò ọdún, ẹ lè bá a lábẹ́ tábìlì, kí òógùn ti bò ó, kí ẹnu rẹ̀ má sì lè ṣí. Ohun tí ó ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn. Kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe wèrè.

Bí ewu bá dé, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ a máa ta ara lólobó kí a tó ráyè ronú rárá: àyà a máa lù kìkì, èémí a máa yára, iṣan a sì le, kí a lè sá tàbí kí a jà. Àwọn mìíràn kì í lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ńṣe ni wọn a dúró gbagidi bí òpó. Ó yẹ kí a mọ èyí dájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n fipá bá lò ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń bi pé kí ló dé tí kò fi pariwo. Ara rẹ̀ ni ó dì. Kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Lẹ́yìn ewu, ó yẹ kí ara rọlẹ̀. Níbi tí kò bá ti rọlẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í di ìtàn àná. Òórùn kan tàbí ìró kan ti tó láti mú un padà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. A máa ń sọ pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá, a ó sì rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ara onítọ̀hún ni kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ohun tó fà á, ẹ má ṣe wọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórí òṣùwọ̀n, pé ó tóbi tó tàbí kò tóbi tó. Ẹ béèrè ohun tí ó yí padà lára ẹni náà láti ìgbà náà. Jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè fà á, ìjínigbé lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìbímọ tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá lè fà á, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí ìyá àti ọmọ ti yè. Èyí tí ó ṣòro jù láti rí ni èyí tí kò ní ọjọ́ kan pàtó: ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹbí, tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́, tàbí ìyàwó tí ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń já láyà. Ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ẹni, àgàgà ẹni tí a fọkàn tán, sábà máa ń wọlé jinlẹ̀ ju jàǹbá lọ, ó sì máa ń burú sí i bí ẹni náà kò bá rí alátìlẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ní oṣù kan tí ẹni náà ṣì ń lálàá ibi, tí ó ń yẹra fún ọ̀nà tàbí ènìyàn tí ó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ohunkóhun mọ́, tí ó sì ń ta gìrì, ọ̀rọ̀ ti di ti oníṣègùn. Ọmọdé lè padà sí títọ̀ sórí ibùsùn, tàbí kí ó máa fi eré ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ náà lásọtúnsọ.

Ẹ má fi dandan mú ẹni tí ó ní ọgbẹ́ ọkàn kí ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún yín. Àdúrà ààfáà tàbí ti pásítọ̀ dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n "gbà fún Ọlọ́run" tí a fi ń pa á lẹ́nu mọ́ kò ṣe é lóore, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn oorun tí a rà ní kẹ́míìsì láìsí àṣẹ dókítà. Bí ìpayà bá dé sí i, ẹ ní kí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dárúkọ ohun márùn-ún tí ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìlera ọpọlọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ bá ẹni náà kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó máa ń ru ú sókè sínú ìwé. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, èyí tí ẹni náà ti ní kí ẹ sọ nìkan ni kí ẹ sọ.