Gọ́ọ̀mù Tó Gbẹ Mọ́ Èèkù Ọ̀bẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Kí ni mo lè fi yọ gọ́ọ̀mù lára èèkù ọ̀bẹ mi?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń béèrè kì í sọ irú gọ́ọ̀mù tó jẹ́, kì í sì í sọ ohun tí wọ́n fi ṣe èèkù náà. Ohun tó ń yọ́ gọ́ọ̀mù kan kì í ran òmíràn, ohun tí igi sì lè fara dà lè ba ike jẹ́ pátápátá. Ẹ mọ méjèèjì ná. Kí ẹ sì fi àkísà tó nípọn wé ojú ọ̀bẹ kí ẹ so ó pa, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára èèkù tètè máa ń gbàgbé pé ọ̀bẹ ní ẹnu.

Ìbéèrè: Mo ya bébà iye owó kúrò, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fi òróró pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ńkọ́?

Ìdáhùn: Àkísà tí a rì sínú omi gbígbóná ni kí ẹ fi lé e títí yóò fi rọ̀. Ẹ má rẹ èèkù onígi sínú omi, nítorí igi lè wú, kí ó sì sán.

Ìbéèrè: Super glue ni. Ọṣẹ àti kẹrosíìnì kò ràn án.

Ìdáhùn: Wọn kò lè ràn án. Acetone, tí àwọn tó ń tọ́jú èékánná fi ń pa ọ̀dà rẹ́, ló ń yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò dáadáa, nítorí àwọn kan wà tí kò ní acetone nínú rárá. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí abẹ́ èèkù níbi tó fara sin: bí ike náà bá di ẹrẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Lára igi, yóò ṣí fáníìṣì kúrò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì ṣe é nítòsí iná kankan, nítorí òórùn rẹ̀ nìkan tó láti gbiná.

Ìbéèrè: Acetone pàápàá kò ràn án. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, tí a ń pò pọ̀, ni.

Ìdáhùn: Èyí ni mo bá jìjàkadì jù. Ìyá mi ní ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi, tí ẹnì kan fi irú gọ́ọ̀mù yìí dì, tó sì fi kókó líle sílẹ̀ lára rẹ̀, débi pé ó ń ha ìyá mi lọ́wọ́ nígbàkigbà tó bá ń bẹ iṣu. Bí túùbù méjèèjì bá ti pò pọ̀ tí wọ́n sì gbẹ tán, kò sí ohun olómi inú ilé tó lè yọ́ ọ mọ́; ooru ló ń mú un rọ̀, láti nǹkan bí 60°C lọ sókè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù kan náà ló di irin mú nínú èèkù, nítorí náà ibi tí irin ti wọ inú igi ni mo fi àkísà tútù wé, kí n tó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí kókó náà nìkan. Nígbà tí èékánná bá ti lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo ń fi etí káàdì oníke ha á díẹ̀díẹ̀, mo tún ń fẹ́ ooru sí i bó bá ti ń le padà. Èyí tó kù sínú ara igi kò gba ooru mọ́. Mo jẹ́ kó tutù, mo gbé abẹ dúró ṣánṣán, mo fi ha á bí ìlà ara igi ṣe lọ, mo fi sáńpépà nọ́ńbà 120 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 240 tó kúnná jù ú lọ, mo sì bo imú, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Epo linseed ni mo fi pa igi náà níkẹyìn.

Àwọn kan ń gbé ọ̀bẹ sórí iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: èéfín gọ́ọ̀mù ń pani lára, ooru àpọ̀jù sì ń mú kí irin ọ̀bẹ rọ̀, kó má lè mú mọ́.

Ìbéèrè: Gọ́ọ̀mù ti kúrò, ṣùgbọ́n èèkù ń mì.

Ìdáhùn: Ẹ má rọ gọ́ọ̀mù mìíràn sí i láti ẹnu èèkù. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, kó yọ èèkù náà, kó fọ irin inú rẹ̀, kó sì fi ìṣó kàn án padà. Títí yóò fi ṣe tán, ẹ má fi ọ̀bẹ náà gé ohunkóhun, nítorí ó lè yí mọ́ yín lọ́wọ́.